Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Iye Tó Sọnù Nínú Mátíríìsì Láì Ba Ìṣirò Jẹ́

Ìṣòro kan wà tí ó máa ń yọ àwọn tó ń fi Python ṣe ìṣirò lẹ́nu léraléra. Wọ́n á ka dátà wọlé, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà wá àròpín òpó kan, èsì tó máa jáde á sì jẹ́ nan (ìkékúrú "not a number", ìyẹn "kì í ṣe nọ́ńbà"), tàbí kí ó jẹ́ nọ́ńbà tí kò bá ọgbọ́n mu, irú bí òjò tí àròpín rẹ̀ jẹ́ -100 mìlímítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n á wá àṣẹ kan tó máa pa nan náà rẹ́, wọ́n á fi òdo dípò rẹ̀, ìṣirò á sì lọ geere. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí pé àlàfo, ìyẹn ibi tí iye ti sọnù, kì í ṣe òdo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá sí ìdánwò àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tó sì gba òdo kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ òdo fún àwọn méjèèjì ti purọ́ mọ́ ọ̀kan nínú wọn.

NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python, ni a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú mátíríìsì, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà, "ìlà" ni mo máa pe èyí tó lọ ní ìbú, "òpó" sì ni èyí tó lọ ní òòró.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò Python 3 àti NumPy, èyí tí ẹ lè fi àṣẹ pip install numpy gbé sórí kọ̀ǹpútà yín. Tí NumPy yín bá jẹ́ 2.0, èyí tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ rántí pé wọ́n ti yọ np.NaN kúrò, np.nan tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kéré nìkan ló kù, kóòdù àtijọ́ tó bá lo ti tẹ́lẹ̀ á sì kọ AttributeError.

Ẹ tún nílò ìwé àlàyé tó bá dátà yín wá, torí pé inú rẹ̀ ni ẹ ti máa mọ àmì tí àwọn tó kó dátà náà jọ fi dúró fún iye tí wọn kò rí. Dátà ojú ọjọ́ tí NASA POWER ń pín máa ń lo -999. Àkójọ ojú ọjọ́ ojoojúmọ́ GHCN-Daily ti àjọ ojú ọjọ́ NOAA ní Amẹ́ríkà ń lo -9999. Àwọn mìíràn máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, àwọn kan sì máa ń kọ N/A. Ẹ má ṣe méfò àmì yìí rárá.

Fún ìdánrawò, ẹ fi àwọn ìlà wọ̀nyí pamọ́ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ojo.csv. Òjò oṣù mẹ́fà ni, ní ibùdó mẹ́ta tó sún mọ́ra, mìlímítà ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n. Mo kàn jẹ́ kí wọ́n gòkè láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bọ́ sí ìgbà òjò bí ó ṣe máa ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá.

osu,A,B,C
1,0.0,3.2,-999
2,12.5,-999,20.1
3,60.4,71.0,
4,-999,118.6,95.3
5,150.2,140.8,133.0
6,171.6,-999,160.4

Ẹ kíyè sí i pé 0.0 wà ní oṣù kìíní fún ibùdó A. Òdo tòótọ́ nìyẹn: wọ́n wọ̀n ọ́n, òjò kò sì rọ̀. Ẹ tún wo òpin ìlà oṣù kẹta, níbi tí kọ́mà wà tí nọ́ńbà kankan kò sì tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka fáìlì náà wọlé, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀

import numpy as np
A = np.genfromtxt("ojo.csv", delimiter=",", skip_header=1)
osu = A[:, 0]
ojo = A[:, 1:].copy()

Àṣẹ genfromtxt ni mo yàn, kì í ṣe loadtxt, torí pé loadtxt máa dá iṣẹ́ dúró pẹ̀lú ValueError nígbà tó bá kan ibi tó ṣófo, ṣùgbọ́n genfromtxt á fi nan síbẹ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe fojú kéré .copy() tó wà ní ìparí ìlà kẹrin. Tí a bá gé apá kan mátíríìsì báyìí láìṣe ẹ̀dà, ojú kan náà ni NumPy ṣì ń wò nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, ohunkóhun tí ẹ bá yí padà nínú ojo á sì yí padà pẹ̀lú nínú A, ìyẹn mátíríìsì tí a kọ́kọ́ kà wọlé (kì í ṣe ibùdó A). Ẹni tó bá fẹ́ padà wo bí dátà ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ á wá rí i pé kò sí mọ́.

Ìkìlọ̀ kejì ni pé genfromtxt kì í pariwo. Tó bá rí "12.5mm" tàbí "kò sí" níbi tó ti ń retí nọ́ńbà, yóò sọ ọ́ di nan láìsọ nǹkan kan fún yín. Iye tó dára tí wọ́n kàn kọ ẹyọ ìwọ̀n mọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ sọnù.

Àyẹ̀wò: ojo.shape gbọ́dọ̀ jẹ́ (6, 3), ìyẹn ìlà mẹ́fà àti òpó mẹ́ta, ojo.dtype, tó ń sọ irú nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ float64 (nọ́ńbà onídẹ́símà), np.isnan(ojo).sum() sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, nítorí pé ibi kan ṣoṣo ló ṣófo nínú fáìlì náà. Tí nan bá ju iye ibi òfìfo tí ẹ fi ojú yín rí nínú fáìlì lọ, ọ̀rọ̀ kan ti wọ àárín nọ́ńbà níbìkan, ẹ padà lọ wá a kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sọ gbogbo àmì àìsí di nan

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a kò bá ṣe ìgbésẹ̀ yìí. ojo[:, 0].mean() á fún yín ní nǹkan bíi -100.72, nítorí pé -999 ti wọ inú àròpọ̀. Nínú òjò, ojú máa ń tètè rí i pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú òpó tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún iye, -999 mélòó kan lè kàn fa àròpín sílẹ̀ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fura.

ojo[ojo == -999] = np.nan

Ibi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣubú níbí. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń fẹ́ ṣe é lórí mátíríìsì nọ́ńbà odidi, NumPy á sì kọ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "cannot convert float NaN to integer". Nọ́ńbà onídẹ́símà nìkan ló ní ààyè fún nan, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi .astype(float) yí i padà. Èkejì ni pé àmì bíi -99.9 tí wọ́n fi pamọ́ ní float32 kì í dọ́gba pẹ̀lú -99.9 ti float64, tí ẹ bá ti yí i padà sí float64, nítorí pé ìwọ̀nba bíìtì tó wà nínú float32 kò lè gbé e ní kíkún. Ẹ lo np.isclose(ojo, -99.9) níbẹ̀ dípò àmì ìdọ́gba. Ẹ̀kẹta, àwọn kan máa ń kọ ojo[ojo < 0] = np.nan láti kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún òjò, èyí kò burú, torí òjò kì í dín sí òdo. Fún ìgbóná ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ òtútù, tàbí fún èrè àti àdánù ọjà, iye tòótọ́ ni ẹ ń sọnù yẹn.

Àyẹ̀wò: np.isnan(ojo).sum() ti gbọ́dọ̀ di 5 báyìí, np.nanmin(ojo) sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.0. Tí iye tó kéré jù lọ bá ṣì jẹ́ nọ́ńbà tí kò lè ṣẹlẹ̀, àmì mìíràn ṣì fara pamọ́ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibi tí àlàfo wà, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́

iboju = np.isnan(ojo)
print(iboju.sum(axis=0))
print(iboju.sum(axis=1))

Ìbòjú yìí ni mátíríìsì tó rí bákan náà pẹ̀lú ojo, tó ń sọ True níbi tí iye ti sọnù àti False níbi tó wà. Ó ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí àwọn àlàfo, òun nìkan ló máa lè sọ fún yín èwo ni wọ́n wọ̀n àti èwo ni ẹ̀yin fúnra yín kọ síbẹ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe fi ojo == np.nan wá àlàfo. Gẹ́gẹ́ bí òfin IEEE 754 tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, nan kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun, títí kan ara rẹ̀. Àṣẹ yẹn kò ní ṣe àṣìṣe, kò ní kìlọ̀. False nìkan ni yóò kún inú rẹ̀, ẹ ó sì rò pé dátà yín mọ́. Tí np.isnan bá sì kọ TypeError, ẹ wo dtype: ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ object, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí None ti Python bá wọ inú mátíríìsì.

Àyẹ̀wò: print àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní [1 2 2], ìyẹn iye àlàfo nínú òpó kọ̀ọ̀kan (axis=0), èkejì [1 1 1 1 0 1], ìyẹn iye àlàfo lórí ìlà kọ̀ọ̀kan (axis=1).

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe ìṣirò tí kò nílò kí ẹ dí àlàfo

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kò nílò kí a kọ nǹkan kan sí ojú àlàfo. Tó bá jẹ́ pé àròpín, nọ́ńbà àárín, iye tó ga jù tàbí tó kéré jù ni ẹ ń wá, NumPy ní àwọn àṣẹ tó ń fo nan: np.nanmean, np.nanmedian, np.nanmax, np.nanmin.

print(np.nanmean(ojo, axis=0))

Èsì rẹ̀ ni 78.94, 83.4 àti 102.2. Tí ẹ bá ti fi òdo dí àlàfo ibùdó A, 65.78 ni ẹ ó rí dípò 78.94; ìyàtọ̀ tó ju mìlímítà mẹ́tàlá lọ, láti orí àlàfo kan ṣoṣo.

Ẹ ṣọ́ra fún np.nansum. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tí mo dárúkọ ń pín nǹkan pẹ̀lú iye tó wà nìkan, ṣùgbọ́n nansum ń ka àlàfo sí òdo. Àpapọ̀ òjò ibùdó A tó máa fún yín jẹ́ 394.7, èyí tí kò ní oṣù kẹrin nínú rárá. Ẹni tó bá sì rí i lórí ìwé á gbà pé òjò oṣù mẹ́fà ni. Bí gbogbo òpó kan bá tilẹ̀ jẹ́ nan, òdo ni nansum máa dá padà, nígbà tí nanmean máa kìlọ̀ pé "Mean of empty slice".

Ibòmíràn tí ewu wà ni ìfiwéra. ojo > 100 á sọ False fún nan, nítorí náà (ojo > 100).mean(axis=0) ń pín pẹ̀lú mẹ́fà dípò iye oṣù tí wọ́n wọ̀n. Fún ibùdó A, oṣù méjì nínú márùn-ún ló ju ọgọ́rùn-ún lọ, kì í ṣe méjì nínú mẹ́fà. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

(ojo > 100).sum(axis=0) / (~iboju).sum(axis=0)

Bákan náà, np.argmax máa ń mú ipò nan fún yín gẹ́gẹ́ bí ibi tí iye ti ga jù, np.nanargmax ni kí ẹ lò.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọwọ́ ṣírò àròpín òpó kan, kí ẹ sì rí i pé ó bá ti kọ̀ǹpútà mu.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pinnu bóyá ẹ máa yọ ìlà kúrò tàbí ẹ máa dí àlàfo

Àwọn ìṣirò kan kò gba nan rárá. Nínú ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì, òdo tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú nan ṣì jẹ́ nan, nítorí náà àlàfo kan máa ba gbogbo ìlà èsì jẹ́. np.cov, tó ń ṣírò bí àwọn iye ṣe ń yí padà pọ̀, á kún fún nan, np.linalg.svd, tó ń tú mátíríìsì sí apá-apá, á sì dúró pẹ̀lú LinAlgError. Ìgbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà níwájú yín nìkan ni ìpinnu yìí di dandan.

Ọ̀nà tó yá jù ni láti yọ ìlà tó bá ní àlàfo:

pe = ojo[~iboju.any(axis=1)]

Ṣùgbọ́n ẹ wo pe.shape. (1, 3) ni. Iye márùn-ún péré ló sọnù nínú méjìdínlógún, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú mẹ́fà, nítorí pé àlàfo kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀. Mo rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ máa ka iye ìlà tó kù kí ẹ tó gba ọ̀nà yìí. Yíyọ dára nígbà tí àlàfo bá kóra jọ sórí ìlà díẹ̀, tí ìlà tó kù sì pọ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe kọ ojo[~iboju] tí ẹ bá fẹ́ yọ ìlà. Ìyẹn máa tú mátíríìsì ká di ìlà gbọọrọ kan tó ní nọ́ńbà mẹ́tàlá, a kò sì ní mọ oṣù àti ibùdó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dí àlàfo pẹ̀lú ohun tó bá dátà yín mu

Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni àròpín òpó. Nínú dátà wa, ó máa kọ 102.2 mìlímítà sí oṣù kìíní ibùdó C, nígbà tí ibùdó A kò rí òjò rárá tí ibùdó B sì rí 3.2. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó máa gba èyí gbọ́. Àròpín òpó wúlò níbi tí ìlà kò bá ní ètò kankan, kò wúlò níbi tí àsìkò ti ń yí iye padà.

Torí pé ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ra, àròpín ìlà, ìyẹn ohun tí àwọn aládùúgbò rí lóṣù kan náà, ló bọ́gbọ́n mu:

ar = np.nanmean(ojo, axis=1, keepdims=True)
kun = np.where(iboju, ar, ojo)

Àwọn iye tuntun ni 1.6 fún C ní oṣù kìíní, 16.3 fún B ní oṣù kejì, 65.7 fún C ní oṣù kẹta, 106.95 fún A ní oṣù kẹrin, àti 166.0 fún B ní oṣù kẹfà.

Ẹ má ṣe yọ keepdims=True kúrò. Láìsí i, ar á jẹ́ ìlà gbọọrọ oníye mẹ́fà tí kò bá òpó mẹ́ta mu, NumPy á sì kọ̀. Ìyẹn sàn. Èyí tó burú ni ìgbà tí mátíríìsì yín bá ní iye ìlà àti òpó tó dọ́gba, nítorí pé NumPy kò ní kọ̀ mọ́: yóò fi àròpín ìlà kìíní dí àlàfo òpó kìíní, ti ìlà kejì fún òpó kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, èsì náà á sì dà bí òótọ́.

Bí ibùdó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí kò sí aládùúgbò, ẹ lè fi oṣù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ṣírò:

kun2 = ojo.copy()
for j in range(ojo.shape[1]):
    mo = ~iboju[:, j]
    kun2[:, j] = np.interp(osu, osu[mo], ojo[mo, j], left=np.nan, right=np.nan)

Ó máa kọ 105.3 sí oṣù kẹrin ibùdó A, èyí tó sún mọ́ 106.95 tí àwọn aládùúgbò sọ. Mo fi left àti right síbẹ̀ torí pé láìsí wọn, np.interp máa ń fa iye tó kẹ́yìn gùn dé etí: yóò kọ 20.1 sí oṣù kìíní ibùdó C àti 140.8 sí oṣù kẹfà ibùdó B, bí ẹni pé òjò dúró sójú kan. Ó sàn kí etí wà ní nan ju kí a dá a dúró bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì rí i dájú pé osu ń gòkè láti kékeré sí ńlá, nítorí pé np.interp kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Nípa np.nan_to_num, òdo ló máa ń fi dípò nan láìbéèrè, ó sì máa ń sọ iye àìlópin di nọ́ńbà kàǹkà-kàǹkà. Ẹ má ṣe lò ó àfi tí òdo bá jẹ́ ìtumọ̀ àlàfo náà gan-an, bí àpẹẹrẹ níbi tí ẹ bá ti fi òfìfo dúró fún ọjà tí wọn kò tà.

Àyẹ̀wò: np.isfinite(kun).all() gbọ́dọ̀ jẹ́ True, np.array_equal(kun[~iboju], ojo[~iboju]) náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ True, èyí tó fi hàn pé kò sí iye tòótọ́ kan tí ẹ fọwọ́ kàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán ọ̀nà tí ẹ yàn wò lórí iye tí ẹ mọ̀

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ máa ń fò nìyí, òun sì ni mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀. A kò mọ ohun tó yẹ kó wà lójú àlàfo, ṣùgbọ́n a mọ iye mẹ́tàlá tó kù. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pamọ́ bí ẹni pé ó sọnù, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yín ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe jìnnà sí òótọ́ tó.

asise = []
for i, j in zip(*np.where(~iboju)):
    dan = ojo.copy()
    dan[i, j] = np.nan
    asise.append(abs(np.nanmean(dan[i]) - ojo[i, j]))
print(np.mean(asise))

Fún àròpín ìlà, àṣìṣe tó jáde jẹ́ nǹkan bíi 10.6 mìlímítà. Tí ẹ bá fi dan[:, j] rọ́pò dan[i] láti dán àròpín òpó wò, ó di nǹkan bíi 68.8. Báyìí kò sí àríyànjiyàn mọ́ nípa èwo ló dára jù fún dátà yìí. Lórí dátà mìíràn, ìdáhùn lè yí padà, nítorí náà ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìdán an wò.

Ìkìlọ̀: .copy() gbọ́dọ̀ wà nínú yíyí for náà. Láìsí i, iye tí ẹ fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá, ojo fúnra rẹ̀ á sì di nan tán.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fi mátíríìsì àti ìbòjú rẹ̀ pamọ́ pọ̀

np.savez("ojo_kun.npz", ojo=kun, iboju=iboju, osu=osu)

Kí ẹ má ṣe fi kun nìkan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí pé 1.6 tí ẹ̀yin ṣírò kò ní yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí 3.2 tí wọ́n wọ̀n. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ fi dí àlàfo, iye àlàfo tí ẹ dí, àti àṣìṣe tí ìgbésẹ̀ 7 fi hàn, sínú fáìlì kékeré kan tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ fi np.load("ojo_kun.npz") ṣí fáìlì náà, ẹ fi d pe ohun tó dá padà, kí ẹ sì rí i pé d["iboju"].sum() ṣì jẹ́ 5 àti pé np.where(d["iboju"], np.nan, d["ojo"]) dá mátíríìsì ìgbésẹ̀ 3 padà pẹ̀lú gbogbo àlàfo rẹ̀. Ẹ lè fi np.array_equal fi wọ́n wéra, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ equal_nan=True sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ False ni ẹ ó máa rí.